Ìkòkò Omi Ẹ̀rínọlá

Ẹni tó bá ń wá ìtàn ìfẹ́ tí kò ní òkú nínú, kó tètè dìde. Nínú èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, òkú ló ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí àwọn alààyè tó dé, àwọn alààyè ló wá ń wá ibi tí wọn yóò fìdí lé.

Tiwalọpẹ́ Owólabí ni orúkọ ọmọbìnrin náà. Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlárá Rẹ́mọ, ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ní Ṣàgámù ni òun àti bàbá rẹ̀ ń gbé, ọkọ̀ kórópe ló sì ń gbé e lọ tó ń gbé e bọ̀. Bàbá rẹ̀, Díákónì Owólabí, nìkan ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sì fi tọ́ ọ: "Ojú ayé wà lára rẹ, Tiwa. Àpẹẹrẹ ni ọ́." Bí ó bá rẹ́rìn-ín sókè lọ́jà, wọ́n á rán an létí pé àpẹẹrẹ ni. Bí ó bá bínú sí ọmọ Sunday School, àpẹẹrẹ ni. Ọmọ náà lé ní ọgbọ̀n ọdún láìṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè nàka sí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ọkùnrin tó wá tọrọ rẹ̀ tí Díákónì kò rí àléébù lára rẹ̀. Inú gbogbo ènìyàn ń dùn sí i níta, ṣùgbọ́n nínú yàrá, òun nìkan ló mọ bí ó ṣe ń ṣe é.

Bẹ́ǹṣì ló mú Akínyọdé wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn bẹ́ǹṣì kíláàsì Tiwalọpẹ́ ti ń mì bí eyín arúgbó, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ sì ránṣẹ́ pe káfíńtà. Ọkùnrin gíga kan ló dé, ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn kíláàsì, ó jókòó, kò sì fọwọ́ kan òòlù.

"Ẹ lè máa kàn án lọ, sà," Tiwalọpẹ́ sọ fún un.

"Rárá, tíṣà. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ wọn tán. Ìṣó kò ní sá lọ."

Tiwalọpẹ́ rẹ́rìn-ín sókè kó tó rántí pé àpẹẹrẹ ni òun. Láti ọjọ́ náà, ẹ má bi mí bí bẹ́ǹṣì tí wọ́n ti kàn dáadáa ṣe tún ń já lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tí káfíńtà kan náà sì máa ń ráyè. Kò pẹ́ tó fi ń sìn ín dé ibi tí kórópe ń dúró sí. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sórí fóònù, láti orí fóònù ni "ẹ" ti di "o" láàárín wọn.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n ń dúró de ọkọ̀, Akínyọdé sọ fún un.

"Tiwa, mo ti gbéyàwó rí. Ó ti kú."

"Mo ti gbọ́ nílùú."

"Bóyá o kò gbọ́ pé n kò sí nílé. Èkó ni mo wà, mò ń kan àjà fún ilé onílé. Wọ́n pè mí pé ibà ń ṣe Ẹ̀rínọlá. Mo ní n ó wá bí oṣù bá parí. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti gbé e sínú ilẹ̀." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Láti ìgbà yẹn, n kò padà sí Èkó mọ́."

"O ṣì ń fẹ́ràn rẹ̀?"

"Òkú kì í ṣe orogún, Tiwa."

Tiwalọpẹ́ fẹ́ gbà á gbọ́, ṣùgbọ́n ìlú kò jẹ́. Kò sí ibi tó yà sí ní Ìlárá tí Ẹ̀rínọlá kò ti ṣáájú rẹ̀ dé. Ìyá aláta wọn ata fún un tán, ó ní, "Ẹ̀rínọlá kì í ná ọjà kó fi mí sínú gbèsè." Ìyá ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, tíṣà. Kristẹni gidi ni yín, ẹ fẹ́ẹ̀ jọ Ẹ̀rínọlá." Fẹ́ẹ̀ jọ. Ọ̀rọ̀ yẹn há a lọ́nà ọ̀fun bí eegun ẹja. Òun tí wọ́n ti ń pè ní àpẹẹrẹ láti kékeré, òkú kan tí kò mọ ojú rẹ̀ ló wá di ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n.

Òwúrọ̀ ni Akínyọdé kọ́kọ́ mú un lọ kí ìyá rẹ̀, kí iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ilé wọn ló kẹ́yìn lójú ọ̀nà oko. Tí ènìyàn bá ti kọjá rẹ̀, igbó àti kòkó àti igi obì ló kù. Ní ẹ̀gbẹ́ ilé, lábẹ́ igi obì àgbà kan, ibojì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ pẹrẹsẹ. Tiwalọpẹ́ gbójú kúrò lára rẹ̀, ó sì ṣalábàápàdé ohun tó burú jù lọ lójú rẹ̀. Ìkòkò omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi igbá dé e, àwo pẹrẹsẹ kan sì wà lórí àpótí kékeré níwájú rẹ̀. Akínyọdé ṣí i, omi ti dín kù dé ìdajì. Nínú àwo, èèpo obì nìkan ló kù.

"Ta ló jẹ ẹ́?" Tiwalọpẹ́ béèrè. Kò sí ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà.

Akínyọdé kò wo ojú rẹ̀. "Màámi ló máa ń gbé e síbẹ̀ láti ìgbà tí a ti sìnkú Ẹ̀rínọlá. Bí mo bá máa fi jí, ó ti dín."

"Fún ta ni wọ́n ń gbé e sí?"

"N kò bi wọ́n rí." Ó dé igbá náà padà. "Ṣùgbọ́n bí mo bá rí i bẹ́ẹ̀ láàárọ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹnì kan ṣì wà nílé."

Ìgbà náà ni ìyá Akínyọdé jáde. Ifáwùmí ni orúkọ rẹ̀, ìdílé Ògúnṣínà ló bí i, ìdílé tí kò fi ọ̀nà àwọn bàbá wọn sílẹ̀ fún mọ́sálásí tàbí fún ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin tín-ínrín ni, ọ̀rọ̀ sì wọ́n lẹ́nu rẹ̀.

"Káàbọ̀, ọma mi," ó kí i bí àwọn àgbà Rẹ́mọ ṣe ń kí ọmọ. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó wo ìkòkò, ó sì padà wọlé lọ gbé àga wá.

Láti ọjọ́ náà ni oorun Tiwalọpẹ́ ti dàrú. Yóò sùn ní Ẹ̀pẹ́, ní yàrá tó ti ń sùn láti ìgbà èwe, yóò máa gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ obìnrin tó ru nǹkan, àti omi tó ń dà sínú ìkòkò láìkún. Kò rí ojú obìnrin náà rí. Ó ń gbàdúrà, ó ń kọrin, bí ó bá sì dákẹ́, omi á tún máa dà. Ohun tó wá ń bà á lẹ́rù jù ni pé ìfẹ́ tó ní sí Akínyọdé kò dín kù rárá. Ó ń fẹ́ ọkùnrin náà débi pé bí ó bá gbọ́ òòlù níbikíbi, àyà rẹ̀ á já.

Ẹni tó ṣe alárenà fún wọn ni Àlájà Hàbíbátù, olóbì, tí ilé rẹ̀ dojú kọ ilé Díákónì ní Ẹ̀pẹ́. Ìlárá ló ti máa ń ra obì, lọ́wọ́ Ifáwùmí gan-an. Nígbà tí Akínyọdé bẹ̀ ẹ́, ó wé gèlè rẹ̀ dáadáa, ó sọdá títì, ó jókòó ti Díákónì, Tiwalọpẹ́ sì dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń gbọ́.

"Díákónì, òdòdó kan wà lọ́gbà yín tí a rí," Àlájà bẹ̀rẹ̀.

"Àlájà, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Mo sì mọ ẹni tó rán yín. Ọmọ náà ń wá ṣọ́ọ̀ṣì, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé nínú ilé wọn, omi àti obì ni wọ́n ń gbé kalẹ̀ fún òkú ní àràárọ̀."

"Fún òkú kẹ̀?" Àlájà rẹ́rìn-ín. "Díákónì, ta ló sọ ìyẹn fún yín? Omi yẹn, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé..."

Díákónì gbọ́wọ́ sókè. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí nìyẹn, Àlájà. Ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n."

Àlájà dìde. "Ó dáa. Ẹnu tèmi kọ́ ni ẹ ó ti gbọ́ ọ."

Lẹ́yìn kọ́tìnì, Tiwalọpẹ́ gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó lè sá tẹ̀ lé Àlájà kó bi í pé kí lẹ fẹ́ sọ. Títì kan péré ló wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n ó sọ nínú ara rẹ̀ pé kí ni olóbì, tó tún jẹ́ Mùsùlùmí, yóò mọ̀ nípa ohun tí Kristẹni ń bá jà? Kò lọ.

Bàbá rẹ̀ pè é lálẹ́. "Bí ọkùnrin yẹn bá fẹ́ ọ lóòótọ́, kí wọ́n gbé nǹkan yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Bí wọn kò bá gbé e, ìwọ gbé e. Lọ́jọ́ tí o bá gbé e, n ó gbà kí wọ́n wá. Àpẹẹrẹ ni ọ́, Tiwa."

Akínyọdé kò gbà. Tiwalọpẹ́ bẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́, ó tún bínú sí i.

"N kò lè sọ fún màámi pé kí wọ́n gbé e kúrò," ó ní. "Bí ọkàn wọn ṣe ń balẹ̀ nìyẹn."

"Ọkàn ti wọn, àbí tìrẹ? Akin, ìwọ lo sọ pé òkú kì í ṣe orogún. Èwo ni oúnjẹ tí ẹ ń bù fún un?"

Ó gbé àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Fóònù rẹ̀ kò dún mọ́, Tiwalọpẹ́ náà kò sì pè é. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ó ń wo bẹ́ǹṣì tí kò mì mọ́.

Ohun tó wá ṣe nìyí. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé òun yóò sùn lọ́dọ̀ tíṣà ẹlẹgbẹ́ òun ní Ìlárá. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tó fi jáde, kùrukùru bo ọ̀nà oko, igi obì àgbà yẹn sì dúró lórí ibojì bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀. Ìkòkò wà níbẹ̀, omi kún un dé ẹnu. Obì wà nínú àwo, ó tutù, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó o síbẹ̀ ni. Tiwalọpẹ́ gbọ́ ẹsẹ̀ nínú ilé, ẹsẹ̀ obìnrin, jẹ́jẹ́, bó ṣe máa ń gbọ́ ọ lójú oorun. Ẹ̀rù bà á.

"Ní orúkọ Jésù," ó wí. Ó da obì sínú igbó, ó gbé ìkòkò náà sókè pẹ̀lú omi rẹ̀, ó sì là á mọ́lẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Ifáwùmí ni. Ó wo àfọ́kù, ó wo omi tó ń ṣàn lọ síbi ibojì, kò pariwo. Ó kàn lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àfọ́kù náà sínú ìṣẹ́po aṣọ rẹ̀.

Tiwalọpẹ́ fẹ́ sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló yọ láti inú kùrukùru, àdá wà ní èjìká rẹ̀, Lásúnkànmí, àgbẹ̀ ará ìlú náà. Láìwo ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rẹ̀ síbi tí ìkòkò máa ń wà, ó na ọwọ́ wá igbá. Ọwọ́ rẹ̀ kan afẹ́fẹ́.

"Ifáwùmí, omi Ẹ̀rínọlá dà?" ó béèrè.

Obìnrin méjì tún dé pẹ̀lú agbọ̀n lórí, wọ́n ń lọ já ẹ̀gẹ́. Àwọn náà dúró. Èyí tó dàgbà jù sọ fún ìkejì pé kò burú, kí wọ́n máa lọ, àwọn yóò rí omi mu bí àwọn bá dé odò. Tiwalọpẹ́ rí i bí wọ́n ṣe wo àfọ́kù, tí wọ́n wo òun, tí wọn kò sì bú òun. Ì bá sàn kí wọ́n bú u.

"Ta ló fọ́ ọ?" Lásúnkànmí béèrè.

"Èmi ni, sà," Tiwalọpẹ́ dáhùn. "Mo rò pé ẹbọ ni. Mo rò pé òkú lẹ ń fún."

Ifáwùmí nàró. Akínyọdé ti jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà láìwẹ̀wù.

"Òkú?" ìyá náà wí. "Ẹ̀rínọlá ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tó wà láyé. Ìdájí ló ń pọn ọ́n, nítorí pé ibí ni ilé ti tán, ẹni tó bá kọjá ibí kò ní rí omi mọ́ títí dé odò. Obì tó bá sán, tí Àlájà kò rà, ó ń kó o fún wọn kí wọ́n fi pa ebi. Mo ní ṣé wèrè ni ọ́, ta ló rán ọ? Ó ní Jésù ọ̀gá òun ni, pé ó ní kí àwọn máa fún ènìyàn ní omi tútù. Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, kò bẹ̀ mí pé kí n wá ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní, 'Màámi, ẹ má jẹ́ kí omi yẹn tán.' Ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn nìyẹn." Ó di ìṣẹ́po rẹ̀ mú. "Èmi kò mọ Jésù yín dáadáa. Ọma tó rán sí mi ni mo mọ̀."

Akínyọdé rìn lọ síbi ibojì, ó sì jókòó sórí sìmẹ́ńtì. "N kò mọ̀," ó ń sọ. "Gbogbo ìgbà tí mo fi wà l'Ékòó, ohun tó ń ṣe nìyí, n kò mọ̀." Kò wo Tiwalọpẹ́ rárá.

"Màámi, ẹ dárí jì mí," Tiwalọpẹ́ wí, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

"N kò bínú, ọma mi. Ṣùgbọ́n máa lọ sílé bàbá rẹ. Ilé yìí kò lè gba ẹni tó ń fọ́ nǹkan kó tó béèrè."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Díákónì dìde láti jẹ́rìí. Aládùúgbò kan ti gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀ ní Ìlárá, ó sì ti sọ ọ́ fún un. Tiwalọpẹ́ fúnra rẹ̀ kò tíì rí ẹnu sọ ìdajì tó kù. Díákónì sọ fún ìjọ bí ọmọ òun ṣe dá nìkan wọ ilé abọ̀rìṣà, tó sì fọ́ ìkòkò ẹbọ. Ìjọ hó, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ Sunday School yíjú padà láti wò ó, ojú wọn ń tàn. Láyé Tiwalọpẹ́, wọn kò yìn ín tó bẹ́ẹ̀ rí. Bí ó bá jókòó jẹ́jẹ́, kò sí ẹni tó máa mọ̀, bàbá rẹ̀ yóò sì gba Akínyọdé lọ́jọ́ náà gan-an.

Ó dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà. Kì í ṣe ìkòkò ẹbọ. Omi ni. Arábìnrin wa kan tó ti kú ló ń gbé e kalẹ̀ fún àwọn tó ń lọ oko, nítorí Jésù. Ìyá ọkọ rẹ̀ tí kò gba Jésù ló ń bá a ṣe é lọ. Èmi tí mo gbà á ni mo fọ́ ọ."

Díákónì jókòó díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn.

Nígbà tí wọ́n délé, Díákónì ti oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "O dójú tì mí," ó wí fún un.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ṣùgbọ́n mo ti dójú ti Jésù ṣáájú yín."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó sọdá títì. Ó bá Àlájà Hàbíbátù níbi tó ti ń fi ewé di obì, ó jókòó ti agbọ̀n.

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n, Àlájà?"

"Ta ni kò mọ̀? Ìdájí ni èmi náà fi ń dé Ìlárá. Mo ti mu omi yẹn ju èyí tí mo lè kà lọ. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ mu ún, mo bi Ẹ̀rínọlá pé èló ni, ó rẹ́rìn-ín sí mi. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ra obì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, n kì í lè tẹ òṣùwọ̀n kí n fi rẹ́ ẹ jẹ mọ́. Ojú rẹ̀ ni mò ń rí."

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ fún wa?"

"Mo fẹ́ sọ. Ẹ ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni." Ó rí omijé ọmọ náà, ó sì rọ ohùn rẹ̀. "Ìkòkò kan wà lẹ́yìnkùlé mi. Òun ni ìyá mi fi ń rẹ obì láyé ọjọ́un. Fọ̀ ọ́, kó o gbé e."

Tiwalọpẹ́ gba yàrá kan ní Ìlárá, lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Lóru ọjọ́ kan, ó gbé ìkòkò Àlájà lọ sẹ́nu ọ̀nà Ifáwùmí, síbi tí ti àtijọ́ máa ń wà. Nígbà tí àkùkọ bá ń kọ, yóò gba ẹ̀yìn ilé lọ síbi ẹ̀rọ omi, yóò ru korobá, yóò rìn wọ inú kùrukùru. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, kò ru omi rìn jìnnà rí. Omi ń dà sí i lọ́rùn, ó ń dà sí i láyà, òtútù ń mú un. Ó ń bu omi sínú ìkòkò, ó ń da obì sínú àwo, ó sì ń sá lọ kí ẹnikẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn. Ẹ̀rù ibojì yẹn ṣì ń bà á. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó dúró síwájú rẹ̀, ó tẹ orúnkún díẹ̀.

"Ìyáàlé mi, ẹ káàárọ̀," ó wí.

Afẹ́fẹ́ kan fẹ́ nínú igi obì. Ó rìn lọ. Lálẹ́ ọjọ́ náà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà pípẹ́, ó gbọ́ omi lójú oorun, omi náà sì kún.

Ìlú kò lè ṣe kó má sọ̀rọ̀. Wọ́n ní Ẹ̀rínọlá ti padà, pé ó ń jáde pọn omi rẹ̀ fúnra rẹ̀ nítorí pé wọ́n fọ́ ìkòkò rẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì Tiwalọpẹ́ sọ ọ́ sí i létí pẹ̀lú ìbẹ̀rù, kò sì dá wọn lóhùn. Àlájà ló mú ìròyìn inú ilé wá.

"Akin ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ láàárọ̀. Ó ní òun kò lè ṣílẹ̀kùn. Ó ní ẹ̀rù ń ba òun pé Ẹ̀rínọlá ni, ẹ̀rù sì tún ń ba òun pé kì í ṣe Ẹ̀rínọlá."

"Kí ni ìyá rẹ̀ sọ?"

"Ifáwùmí? Ṣé ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nìyẹn?"

Ṣé kí ó dúró kí ọkùnrin náà rí òun? Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. Ó ń fẹ́ ẹ, ara rẹ̀ ń fà sí ilẹ̀kùn yẹn. Ṣùgbọ́n bí ó bá dúró, omi náà yóò di ẹ̀bẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Ẹ̀rínọlá kò fi bẹ ẹnikẹ́ni. Kò dúró.

Díákónì ló kọ́kọ́ mọ̀ nínú àwọn tó yẹ kó mọ̀. Ó gbé iṣu wá fún ọmọ rẹ̀ láìsọ fún un, ó sùn sórí àga nínú yàrá rẹ̀, ó jí, kò bá a. Ó tọ ipa omi lójú ọ̀nà títí dé ilé tó kẹ́yìn. Ó dúró lókèèrè, ó rí ọmọ rẹ̀ tó ń da omi, ó rí i tó kúrò, ó rí Lásúnkànmí tó mu tirẹ̀, tó fọwọ́ nu ẹnu, tó sì kọjá lọ. Nígbà tí ọ̀nà dá, Díákónì Owólabí rìn lọ síbẹ̀, ó bu omi náà, ó mu ún. Nígbà tó padà dé Ẹ̀pẹ́, ó sọdá títì lọ bá Àlájà. "Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n máa bọ̀," ó wí. Àlájà ní ọ̀rọ̀ kò sí lọ́wọ́ Díákónì mọ́, ọwọ́ Ifáwùmí ló wà.

Ọyẹ́ dé. Ìgbà ọyẹ́ ni Ẹ̀rínọlá kú. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí ọdún ikú rẹ̀ tún yí po, kùrukùru pọ̀ débi pé Tiwalọpẹ́ kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó tẹ èèpo obì mọ́lẹ̀, ó yọ̀, korobá sì jábọ́ lórí rẹ̀. Omi dà sí ògiri, ó dà sí ilẹ̀kùn, korobá yí gbirigbiri lọ síbi ibojì.

Láti inú ilé, ohùn ìyá àgbà dún. "Lèsí nì yẹn? Ta ni?"

Ó lè sá. Kùrukùru yóò bò ó. Ó sì lè dákẹ́, kí wọ́n máa rò pé òkú ni, kí orúkọ Ẹ̀rínọlá máa lọ sókè sí i.

"Èmi ni, mà. Tiwalọpẹ́ ni."

Lẹ́yìn náà, wọ́n fa ìdábùú ilẹ̀kùn. Ifáwùmí jáde, ó wé ìborùn mọ́ra, ó wo omi, ó wo ọmọbìnrin tó tutù rinrin níwájú rẹ̀.

"Mo mọ̀," ó wí. "Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀. Ẹ̀rínọlá kì í da omi sílẹ̀ báyìí."

"Kí ló dé tí ẹ kò lé mi, mà?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá nítorí Akin ni. Bí ó bá jẹ́ nítorí rẹ̀ ni, ì bá ti sú ọ, tàbí kí o ti kanlẹ̀kùn." Ó wo orí Tiwalọpẹ́. "Kí lo fi ń ru ú? O kò ní òṣùká?"

"N kò ní, mà."

Ìyá náà wọlé, ó sì mú òṣùká kan jáde, aṣọ àdìrẹ ni wọ́n fi ká a, orí ẹni tó ti kú ti tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ láàárín. Ó gbé e lé Tiwalọpẹ́ lórí fúnra rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ kó jókòó dáadáa, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró síbẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Tiwalọpẹ́ bú sẹ́kún. Ifáwùmí kò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó yíjú sínú ilé, ó gbóhùn sókè.

"Akin, dìde, kó o mú ìgbálẹ̀. Ìyàwó rẹ ti da omi sí gbogbo ẹnu ọ̀nà."